Gíláàsì Iwájú Corolla Tó Ń Jò: Bí A Ṣe Yọ Ọ́, Tí A sì Lẹ̀ Ẹ́ Padà Nílé

Ọkọ̀: Toyota Corolla ọdún 2005, tòkunbọ̀.
Ibi iṣẹ́: àgbàlá ilé wa ní Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta.
Òṣìṣẹ́: èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tó ti kọ́ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà rí.
Owó tó bá a lọ: ₦64,000. Àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ìṣòro

Bí òjò bá fi òru rọ̀, rọ́ọ̀gì ibi ẹsẹ̀ dírẹ́bà á ti rin gbingbin kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo inú ọkọ̀. Òórùn yẹn kọ́ ló kó mi láyà jù. Abẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù lápá òsì gan-an ni àpótí fíúùsì Corolla yìí wà, ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀ ò sì jìnnà sí i. Ẹni tí omi bá ti ba wáyà ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ rí mọ̀ pé owó rewáyà ju owó gọ́ọ̀mù lọ fíìfíì.

Ohun kan kọ́kọ́ rú mi lójú. Bí mo bá gbé ọkọ̀ síbi iṣẹ́ ní Òkè-Mọ́sàn, tí òjò rọ̀ láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, inú ọkọ̀ á gbẹ táútáú. Ilé nìkan ni omi ti ń wọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ wo bí mo ṣe ń gbé e sílẹ̀ ló tó yé mi. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í tẹ́jú, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Àgbàlá tiwa dàgẹ̀rẹ́ láti géètì wọlé, nítorí náà imú ọkọ̀ máa ń kọ sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì á tún rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Gbogbo omi tó bá bọ́ sórí òrùlé ọkọ̀ á wá ṣàn síwájú, á kóra jọ sí igun òsì lókè gíláàsì, á máa gba ibẹ̀ kọjá. Ibi iṣẹ́ tẹ́jú, omi orí òrùlé ń gba ibi tó bá wù ú lọ.

Mo dán an wò. Mo fi ẹ̀yìn wọlé, mo jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sókè sí géètì. Òjò ńlá rọ̀ lóru ọjọ́ náà, rọ́ọ̀gì ò tutù. Èèyàn lè dúró síbẹ̀ kó sọ pé òun ti rí oògùn rẹ̀, kó máa fi ẹ̀yìn wọlé títí ayé. Ṣùgbọ́n inú àgbàlá nìkan ni ìyẹn ti wúlò; ọkọ̀ ń rìn nínú òjò náà.

Ìpele 1: Ẹ wá ojú ibi tí omi ń gbà wọlé kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Omi ń yọ lábẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù, wọ́n á ní gíláàsì ló ń jò, wọ́n á ra gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi yí gbogbo etí gíláàsì ká, omi á sì tún máa wọlé. Ọ̀nà tí omi lè gbà dé ibi ẹsẹ̀ èèyàn nínú ọkọ̀ pọ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni AC. Omi AC máa ń jáde gba rọ́bà kékeré kan tó yọ sí abẹ́ ọkọ̀. Tí ìdọ̀tí bá dí rọ́bà náà, inú ọkọ̀ ni omi á padà sí. Ṣùgbọ́n omi AC ò dúró de òjò, ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an ló máa ń pọ̀ jù, apá ibi tí èrò iwájú ń jókòó ló sì sábà máa ń rin. Tèmi kì í jò lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀. AC bọ́ sílẹ̀.

Èkejì ni kòtò tó wà lábẹ́ ike wáípà. Ọkọ̀ mi ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí mo yọ wáípà méjèèjì, tí mo ṣí ike yẹn, ewé tó ti jẹrà níbẹ̀ kún ike ọ̀dà kan. Ihò tí omi ń gbà jáde wà ní igun méjèèjì, ti òsì ti dí pátápátá. Mo kó o kúrò, mo fi omi sàn án títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀ geerege. Bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó rò ó pé gíláàsì ni, nítorí ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín máa parí sí. Tèmi ò parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà la wá fi họ́ọ̀sì wá a. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é nìyí. A ó yọ ike tó bo òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì lápá òsì, kí ojú lè rí páànù. (Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ SRS AIRBAG sára ike òpó yín, ìyẹn báàgì tó máa ń wú jáde láti gba èèyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ má sì fa wáyà kankan níbẹ̀.) Àbúrò mi jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ti gbogbo fèrèsé. Èmi wà níta pẹ̀lú họ́ọ̀sì tí n kò fi ohunkóhun há lẹ́nu, kí omi má bàa tu jáde pẹ̀lú agbára. Omi tó ń tu gbàù máa ń wọ ibi tí òjò ò lè wọ̀, á sì ṣi èèyàn lọ́nà. A bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún ní etí ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́, kí a tó gun òkè. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kọjá gbogbo ibi tó kù, ẹ ò ní mọ èwo ló ń jò.

Ìsàlẹ̀: gbẹ. Ẹ̀gbẹ́: gbẹ. Bí mo ṣe dé igun òkè, n kò tíì dúró tó ìṣẹ́jú kan, àbúrò mi pariwo láti inú ọkọ̀: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dúró, ẹ dúró! Ó ti ń ṣàn sára òpó o!”

Omi gba ẹ̀yìn òpó náà sọ̀kalẹ̀, ó sì yọ lẹ́bàá fíúùsì. Ibi tó ti wọlé jìnnà sí ibi tó ti ń yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń dí ibi tí omi ti ń yọ máa fi ṣe iṣẹ́ àṣedànù.

Mo ṣì fẹ́ mọ bí ojú náà ṣe gùn tó, nítorí náà mo lo ọṣẹ. Ẹ tan fáànù AC dé òpin, ẹ jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, kì í ṣe kó máa yí ti inú ọkọ̀ po, ẹ sì ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ á há sínú ọkọ̀, á máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ wá fi kàìnkàìn rírọ̀ pa omi ọṣẹ tó hó sí etí gíláàsì níta. Níbi tí ó bá lu, ọṣẹ á máa hó kúlúkúlú fúnra rẹ̀. Tèmi hó ní igun òsì lókè, ó sì tẹ̀lé etí òkè wá sí àárín bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mo fi másìkìn tépù sàmì síbẹ̀.

Ìpele 2: Ohun tó wà lábẹ́ rọ́bà

Rọ́bà dúdú kan ló bo àlàfo tó wà láàárín gíláàsì àti òrùlé. Mo fi ọwọ́ fà á jáde láti igun. Ó ti gan látọwọ́ oòrùn, ó sì já sí mẹ́ta. Abẹ́ rẹ̀ kún fún sílíkónì tí ẹnì kan ti fún sórí sílíkónì mìíràn. Bí ẹ ṣe máa mọ sílíkónì yàtọ̀ sí gọ́ọ̀mù gíláàsì gidi: sílíkónì máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ lè fi èékánná bó o bí awọ, ọ̀dà kì í sì í mú un. Gọ́ọ̀mù PU (polyurethane) tí ilé iṣẹ́ fi ń lẹ gíláàsì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́ ló ń gé e, kì í bó.

Nígbà tí mo bó sílíkónì náà, páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Ọ̀dà ti wú sókè, ìpẹtà sì ti ń jẹ lọ lábẹ́ gọ́ọ̀mù. Mo wo àmì tó wà ní igun gíláàsì iwájú, mo fi wé ti àwọn gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára wọn ò bára mu. Wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì iwájú yìí rí, kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà etí páànù dé irin nígbà tó ń gé ti àtijọ́ kúrò, kò fi púráímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dáàbò bo irin, bo ojú ọgbẹ́ náà, ó kàn fún gọ́ọ̀mù lé e. Ọ̀rinrin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà. Nígbà tí ìpẹtà bá wú, á gbé gọ́ọ̀mù kúrò lójú páànù. Gọ́ọ̀mù ò bàjẹ́ o. Irin tó dì mọ́ ló ṣí kúrò lábẹ́ rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹlòmíràn wá fi sílíkónì bò ó, omi sì há sábẹ́ sílíkónì, ìpẹtà rí oúnjẹ jẹ.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá onígíláàsì kan. Ó wò ó, ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká fi sílíkónì dí i, ₦6,000 ni, ẹ máa bá tiyín lọ.” Mo béèrè pé tí a bá fẹ́ yọ gíláàsì pátápátá ńkọ́? Ó ní ₦45,000 ni, gọ́ọ̀mù ti wà nínú rẹ̀. “Ìpẹtà yẹn ńkọ́?” “Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tèmi o, páńẹ́ẹ̀lì lẹ máa gbé e lọ bá.” Kò parọ́ fún mi. Àmọ́ ìpẹtà gan-an ni iṣẹ́ náà. Bí a bá lẹ gíláàsì padà lé e lórí, ọdún kan ò ní pé tí mo máa tún padà wá.

Ìpele 3: Ohun tí a rà

Gọ́ọ̀mù PU ti gíláàsì ọkọ̀, ike méjì, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó san owó: ọjọ́ tí ó máa kú wà níbẹ̀. Nínú ooru ṣọ́ọ̀bù wa, èyí tó ti pẹ́ máa ń le nínú ike. Ẹ tẹ ara rẹ̀, tí kò bá rọ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ dá a padà. Ọ̀kan nínú méjì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ní Pansẹ́kẹ́ ti dì ní ìdajì.

Ìbọn tí a fi ń fún un, ₦6,500. Ẹ má ra èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ń fún sílíkónì ilé ìwẹ̀. PU ki gan-an, á tẹ̀ ẹ́. Púráímà dúdú ti PU, tí a fi ń pa ojú ibi tí gọ́ọ̀mù máa mú, ìgò kékeré, ₦7,000. Oògùn ìpẹtà, ₦4,500. Púráímà alápòpọ̀ tí àwọn pénítà ọkọ̀ ń lò, wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi pẹ̀lú oògùn tó ń mú un gan, ₦6,000. Wáyà tí a fi ń gé gọ́ọ̀mù gíláàsì, ₦4,000. Rọ́bà etí òkè tuntun, ₦8,000. Sáńpépà, sípírítì, másìkìn tépù àti ìbọ̀wọ́, ₦6,000 lápapọ̀. A háyà rọ́bà méjì tí a fi ń gbá gíláàsì mú ní ₦3,000.

Ẹ rí i pé ó ju ₦45,000 ti ọ̀gá onígíláàsì lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é nílé torí kí owó lè dín, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ohun tí mo rà pẹ̀lú ₦19,000 tó lé yẹn ni ìpẹtà tí mo fojú ara mi rí tó kúrò.

Ìpele 4: Yíyọ gíláàsì

Aṣọ ìbora àtijọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òmíràn sórí dáṣìbọ́ọ̀dù. Wáípà kúrò, ike abẹ́ wáípà kúrò, ike òpó méjèèjì kúrò. Dígí àárín tí a fi ń wo ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ gíláàsì, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A lu ihò kékeré sínú gọ́ọ̀mù láti inú ọkọ̀ lọ síta, a ti wáyà gba ibẹ̀, a fi igi kúkúrú so orí méjèèjì kí ọwọ́ lè rí nǹkan mú. Ẹ̀gbọ́n wà níta, èmi wà nínú. Ó fà, mo fà, ó fà, mo fà. Bí a ṣe ń fà á ni wáyà ń gbóná, tó sì ń gé gọ́ọ̀mù lọ. Etí ìsàlẹ̀ ló le jù nítorí dáṣìbọ́ọ̀dù ò jẹ́ kí apá mi rí àyè. Wáyà já lẹ́ẹ̀mejì ní igun ọ̀tún. Ẹ ra èyí tó gùn, kí ẹ lè máa gé e sọ́tọ̀ bó bá ń já.

Ẹ̀gbọ́n kìlọ̀ fún wa nígbà tí àbúrò mi mú sukudiráfà wá. “Má tì í bọ̀ ọ́! Gíláàsì yìí ò fọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́, sísán ló máa ń sán.” Bó ṣe rí nìyẹn. Gíláàsì méjì ni wọ́n fi ike tín-ínrín kan lẹ̀ pọ̀ láti fi ṣe ti iwájú. Kò ní tú ká, àmọ́ tí ẹ bá fi irin gbé etí rẹ̀, ìlà kan á sá láti ibẹ̀ dé àárín, gíláàsì tuntun lẹ sì máa rà nìyẹn. Wáyà nìkan ni a lò. Ó gbà wá tó wákàtí méjì, apá sì ro wá.

Nígbà tí ó tú pátápátá, rọ́bà méjì tí a háyà ni a fi gbé e, a sì tẹ́ ẹ sórí àga méjì tí a fi fóòmù tẹ́, ojú rẹ̀ tó wà níta kọ sísàlẹ̀.

Ìpele 5: Ìpẹtà

Ibí ni mo ti lo àkókò jù. Bí gíláàsì ṣe kúrò, ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjì ti di bí ẹsẹ̀ bàtà kan, láti igun òsì lọ sí àárín etí òkè. Ibì kan tún wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tó kéré bí owó kọ́bọ̀, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ẹ fi sukudiráfà ẹnu mímú gún ojú ìpẹtà náà kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn. Bí ó bá lu páànù já, ẹ dúró, ẹ lọ bá ẹni tó ń jó páànù. Gọ́ọ̀mù tàbí bọ́dì fílà kì í ṣe oògùn ihò níbi tí gíláàsì máa jókòó. Tèmi ò lu. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó sì ti gún un ní kòtò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, àmọ́ irin rẹ̀ ṣì nípọn.

Mo fi ọ̀bẹ ìfágọ́ọ̀mù ha gbogbo èyí tó ṣí, mo fi sáńpépà nọ́ńbà 80 yún un títí irin fi tàn, mo gba ojú rẹ̀ kọjá dé ibi tí ọ̀dà ti mú dáadáa ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìpẹtà dúdú máa ń kù nínú kòtò kékeré wọ̀nyẹn, sáńpépà ò lè dé ibẹ̀. Fún ìyẹn ni oògùn ìpẹtà: mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á, ó di dúdú, mo fi í sílẹ̀ bí ike rẹ̀ ṣe sọ, mo nu àpọ̀jù rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo fi sáńpépà 180 kọjá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, mo nù ún pẹ̀lú sípírítì, mo fi púráímà alápòpọ̀ bò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má fi bẹntiróòlù nù ún. Àwọn kan ń lò ó nítorí pé ó wà nítòsí. Ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, gọ́ọ̀mù ò sì fẹ́ràn ọ̀rá.

A fi tapólì bo iwájú ọkọ̀, a so ó mọ́ ilẹ̀kùn, púráímà náà sì sùn di ọjọ́ kejì. Eruku pupa Ọbáńtokò ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan tútù sílẹ̀ láìbò.

Ìpele 6: Gọ́ọ̀mù àtijọ́

Níbi tí gọ́ọ̀mù PU ti àtijọ́ ti mú páànù dáadáa, ẹ má ha á kúrò pátápátá. Ẹ fi abẹ gé e pẹrẹsẹ, kó ku bíi mìlímítà kan sí méjì. Kò sí ohun tí gọ́ọ̀mù tuntun ń lẹ̀ mọ́ tó ojú gọ́ọ̀mù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lẹ gíláàsì gan-an ni kí ẹ gé e, kí eruku má bàa ti bà á.

Sílíkónì ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, lára páànù àti lára gíláàsì. Tínà ò yọ́ ọ, bẹntiróòlù ò yọ́ ọ. Bíléèdì àti sùúrù ni. Bí èyí tó kéré bí irun bá kù, PU ò ní mú ibẹ̀.

Ìpele 7: Ìgbékalẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù

A gbé gíláàsì padà sí àyè rẹ̀ lásán, a tún un ṣe títí àlàfo òsì àti ọ̀tún fi dọ́gba. A wá lẹ másìkìn tépù láti orí gíláàsì lọ sórí òrùlé ní ojú mẹ́rin, a fi bíléèdì gé e lójú àlàfo. Nígbà tí a bá ń gbé e padà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, kí tépù kan ṣáà ti dojú kọ ìkejì rẹ̀. Èyí ò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fò ó, nítorí gọ́ọ̀mù PU tí gíláàsì bá ti jókòó lé ò ní jẹ́ kí ẹ fà á síwá sẹ́yìn.

Ìpele 8: Fífún gọ́ọ̀mù

Àárọ̀ kùtù ni a ṣe é, kí oòrùn tó mú páànù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú PU gan, afẹ́fẹ́ wa lásìkò òjò sì kún fún un. Ìyẹn dára, àmọ́ ó tún túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ á tètè máa bo. Ní kété tí ìlà gọ́ọ̀mù bá ti yí ká, kí gíláàsì wọlé.

Mo fi sípírítì nu etí gíláàsì, lórí apá dúdú tó yí i ká. Apá dúdú yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń dáàbò bo gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà gọ́ọ̀mù ò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ wá sínú. Púráímà dúdú tẹ̀lé e lára gíláàsì, àti lórí ibi tí a fi púráímà bò lára páànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó gbẹ. Èmi ò fi púráímà sórí gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Ẹnu ike gọ́ọ̀mù: ẹ gé e ní ìrísí V, fífẹ̀ rẹ̀ mìlímítà mẹ́jọ, gíga rẹ̀ mìlímítà méjìlá, kí ìlà tó jáde lè ga, kí orí rẹ̀ sì tín-ínrín. Ìlà tó ga á tẹ̀ nígbà tí gíláàsì bá jókòó lé e, á kún gbogbo àlàfo. Ìlà pẹrẹsẹ á kàn án níbì kan, á fo ibòmíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín etí ìsàlẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní igun. Ẹ di ìbọn mú ní ìdúró, kí ó máa tẹ̀lé yín ní ìwọ̀n kan. Ìbọn ọwọ́ le gan-an. Ìka mi ti kú kí n tó yí i ká tán, ẹ̀gbọ́n ló gbà á lọ́wọ́ mi ní etí òkè. Ike kan ò tó. Nígbà tí ó tán, a já èkejì, a sì tẹ̀ síwájú láti inú ìparí ti àkọ́kọ́.

Ìpele 9: Gíláàsì wọlé

Èmi lápá òsì, ẹ̀gbọ́n lápá ọ̀tún, àbúrò mi nínú ọkọ̀ tó ń wo tépù. “Ẹ sún un sọ́dọ̀ yín díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ó tó. Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀.” Etí ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà òkè. A fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká, a ò lù ú. Tépù ńláńlá mẹ́fà láti gíláàsì sórí òrùlé kó má bàa yọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé ìlẹ̀kùn kan sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Bí ẹ bá gbá ilẹ̀kùn nígbà tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ á ti gíláàsì síta, á sì la ojú ìlà gọ́ọ̀mù tó ṣì tutù. Àwọn ọmọ ilé wa gbọ́ ìkìlọ̀ yìí títí ó fi sú wọn.

Ọkọ̀ ò rìn fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Kì í ṣe omi nìkan ni mo ń wò. Gíláàsì iwájú wà lára ohun tó ń di òrùlé ọkọ̀ mú bí ọkọ̀ bá gbókìtì, ọ̀pọ̀ airbag ti èrò iwájú ló sì máa ń ta lù ú kó tó dojú kọ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí sílíkónì lásán fi jẹ́ ewu níbẹ̀, bó tilẹ̀ dá omi dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo ra làfún àti ẹja tútù wá fún gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n ò gba kọ́bọ̀.

Ìpele 10: Họ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó dá ike abẹ́ wáípà padà, a tún fi omi dán an wò bíi ti tẹ́lẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Igun òsì lókè, ibi tó ń jò tẹ́lẹ̀, gbẹ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, díẹ̀ sí apá ọ̀tún, ẹ̀kán omi kan yọ, ó dúró, òmíràn yọ. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà gọ́ọ̀mù ti pàdé. Orí méjèèjì kàn fi ara kan ara, wọn ò gun ara wọn.

Nítorí pé ike ṣì wà nílẹ̀, ojú náà hàn síta. Mo nù ún gbẹ, mo fi sípírítì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo wá fún gọ́ọ̀mù tó kù nínú ike sínú àlàfo náà, mo fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tì í wọlé títí kò fi gbà mọ́. Bí ẹ bá dé ibi ìpàdé yìí, ẹ jẹ́ kí ìparí gun ẹ̀yìn ìbẹ̀rẹ̀ ní bíi ìka méjì, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí gíláàsì tó wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí i, họ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i: kò sí ẹ̀kán kankan. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní imú-kọ-sísàlẹ̀, ní àyè rẹ̀ àtijọ́, títí òjò ńlá méjì fi kọjá lórí rẹ̀. Rọ́ọ̀gì gbẹ.

Rọ́ọ̀gì: ẹ má fi aṣọ nù ún lásán kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Fóòmù kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó nípọn, òun ló ń mu omi pamọ́. A tú àga dírẹ́bà, a gbé rọ́ọ̀gì sókè, a fa fóòmù náà jáde, a fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sá a sórí ògiri fún ọjọ́ tí oòrùn mú. Páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ti fẹ́ máa dógùn-ún. Mo fi ìyókù púráímà alápòpọ̀ bò ó.

Ohun tó kù ni rọ́bà etí òkè. Èyí tí mo rà ní ₦8,000 kì í ṣe ti Corolla gan-an, ó fẹ̀ jù díẹ̀. Omi ò gba ibẹ̀ wọlé, gọ́ọ̀mù ló ń dá omi dúró, àmọ́ tí mo bá ti sáré kọjá 80 lójú ọ̀nà Ṣágámù, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Mo ti wọn àlàfo náà: mìlímítà méje ní àárín, mẹ́jọ ní igun. Tí mo bá dé Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ìwọ̀n yẹn ni mo máa fi ra òmíràn.